Lẹ́yìn Rọpárọsẹ̀: Bí Ará Ilé Ṣe Lè Ran Aláìsàn Lọ́wọ́ Láti Tún Rìn

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ bá mú èèyàn, ẹsẹ̀ kọ́ ló bàjẹ́. Nínú ọpọlọ ni òpó ẹ̀jẹ̀ kan ti dí tàbí ti bẹ́, tí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò dé mọ́ sì kú. Bó bá jẹ́ ọpọlọ apá òsì, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ló máa rọ. Bó bá jẹ́ apá ọ̀tún, ti òsì ni. Iṣẹ́ wa ní ẹ̀ka físíò ni láti mú kí ibi tó ṣì dára nínú ọpọlọ kọ́ iṣẹ́ tí ibi tó kú ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àṣetúnṣe ló sì ń mú irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wọlé.

Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń fi òrí tàbí róòbù ra ẹsẹ̀ náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Kò burú, ara á tu aláìsàn. Àmọ́ ẹsẹ̀ tí wọ́n ń rà lórí ibùsùn kò lè ti ibẹ̀ mọ ìrìn rìn. Ẹ má sì fi omi gbígbóná jó o o! Ara ibẹ̀ lè má mọ̀ pé ó gbóná títí yóò fi bó.

Ìgbà wo la ń bẹ̀rẹ̀?

Ìgbà tí dókítà bá ti ní kí aláìsàn máa jókòó. Ẹ má kánjú jù: ìwádìí ńlá kan tó jáde ní ọdún 2015 fi hàn pé gbígbé aláìsàn dìde lemọ́lemọ́ kí wákàtí 24 tó pé kò ṣe é lóore. Díẹ̀díẹ̀ ló dára. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ìyàtọ̀ máa ń yá jù, ṣùgbọ́n ẹni tó ti lo ọdún kan nílé ṣì lè rìn dáadáa ju bó ṣe ń rìn lọ.

Dídìde lórí àga

Ibí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí kò lè dìde kò lè rìn. Ká ní màmá yín ni. Ẹ wá àga líle tó ga díẹ̀, tí kò ní táyà, tó fẹ̀yìn ti ògiri. Àga kúṣìn tó ń rì mọ́lẹ̀ á dá wọn lágara. Kí wọ́n sún wá sétí àga. Kí wọ́n fa gìgísẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn díẹ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí wọ́n wá tẹ̀ síwájú títí imú yóò fi kọjá ọmọ ìka ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n dìde. Ẹ máa wo ẹsẹ̀ tó rọ: ẹsẹ̀ tó le ló máa ń fẹ́ ṣe gbogbo iṣẹ́. Ẹ rọra fọwọ́ lé orúnkún ẹsẹ̀ tó rọ, kí ẹ ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ náà tẹ ilẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ jókòó, kí wọ́n rọra sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n má kàn já lulẹ̀. Ẹ tún un ṣe títí yóò fi rẹ̀ wọ́n díẹ̀, ẹ sinmi, ẹ tún ṣe é.

Ìfẹ́ ló ń mú kí ọmọ bu omi fún màmá kí wọ́n tó béèrè. A mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mọ́ wa nínú. Ṣùgbọ́n ẹ gbé omi náà sórí tábìlì, kí ẹ dúró tì wọ́n, kí wọ́n lọ mú un fúnra wọn. Ọ̀nà omi yẹn wà lára ìtọ́jú.

Ìdúró àti ìrìn

Kí wọ́n dúró níwájú tábìlì tó le, kí wọ́n máa fi ara ti ọ̀tún, kí wọ́n tún fi ti òsì. Tí wọ́n bá ń rìn, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ tó rọ, sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ di ìdí wọn mú. Ẹ má fa ọwọ́ tó rọ láéláé. Èjìká lè yẹ̀. Ọwọ́ tó le ni ọ̀pá ń wà. Lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó le ló ń kọ́kọ́ gòkè, ẹsẹ̀ tó rọ ló ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀.

Bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá ń wọ́ nílẹ̀, ẹ sọ fún wa. Ike kan wà tí a ń fi sínú bàtà tó máa gbé e ró. Sílípáàsì ò dára fún wọn. Bàtà tó di gìgísẹ̀ mú ni kí wọ́n wọ̀. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì kékeré kúrò nílẹ̀, ẹ nu omi balùwẹ̀, kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn nítorí iná tó ń lọ lóru.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ dúró

Bí àyà bá ń dùn wọ́n, tí òòyì ń kọ́ wọn, tàbí tí èémí kò já gaara, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó, kí ẹ pè wá. Bí ojú bá tún wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ọ̀rọ̀ lọ́ mọ́ wọn lẹ́nu, tàbí tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan ṣàdédé rọ, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró di àárọ̀, ẹ má sì kọ́kọ́ wá ẹni tó ṣe é. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ já, kódà bí ara bá ti le.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, a óò ní kí wọ́n dìde lórí àga, kí wọ́n rin mítà mẹ́ta, kí wọ́n yí padà wá jókòó, a óò sì wo aago. Nítorí náà, kí wọ́n wọ bàtà tí wọ́n ń wọ̀ nílé, kí ẹ mú ọ̀pá wọn àti gbogbo oògùn wọn dání.