Iná Pupa Ọ́ìlì: Bí A Ti Ń Yan Sẹ́ńsọ̀ Rẹ̀ Àti Bí A Ti Ń Dè É Mọ́ Ẹ́ńjìnnì

Bí ẹ bá dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ ó rí i pé púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí ó ń gbé ọmọ wá ni ó ti jìyà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Sangotedo tàbí láti Ajah kí wọ́n tó dé. Iná pupa kékeré kan wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù gbogbo wọn, tí ó ní àwòrán agolo òróró tí ẹ̀kán kan ń kán lẹ́nu rẹ̀. Nínú òwe àwọn wúńdíá mẹ́wàá, nígbà tí òróró tán ni fìtílà ń kú. Nínú ọkọ̀, nígbà tí òróró kò bá dé ibi tí ó yẹ ni fìtílà ń tàn. Ẹni tí kò bá fiyè sí ìyàtọ̀ yìí yóò ra ẹ́ńjìnnì mìíràn.

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé èmi náà ti rà á rí. Camry tí a ń pè ní Big Daddy ni mo ń lò nígbà náà. Bí mo bá dúró nínú gòsíló ní àyíká Abraham Adesanya, iná pupa náà a máa ṣẹ́jú. Bí mo bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọkọ̀ díẹ̀, a kú. Mẹkáníìkì mi ní sẹ́ńsọ̀ ni ó bàjẹ́. A pààrọ̀ rẹ̀, ó tún ṣẹ́jú. A ra òmíràn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni ń fi òòlù lu irin, kí n sì tó rí ibi yà sí, ó ti nọ́ọ̀kì. Nígbà tí a tú u palẹ̀, ẹrẹ̀ dúdú ọ́ìlì àtijọ́ ni a bá tí ó dí asẹ́ inú àwo ìsàlẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́ ń sọ òtítọ́; àwa ni a kò gbà á gbọ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti yé ni. Páńpù kan ń fa ọ́ìlì láti inú àwo ìsàlẹ̀, ó ń gbé e gba inú fílítà, ó sì ń tì í wọ inú àwọn ihò tóóró lọ sí ibi tí irin ti ń yí lórí irin. Agbára tí a fi ń tì í yìí ni ìfúnpá, gẹ́gẹ́ bí èyí tí dókítà ń wọ̀n ní apá wa. Nítorí náà, iye ọ́ìlì kọ́ ni iná pupa ń sọ. Ọ́ìlì lè kún dé àmì lórí ọ̀pá ìwọ̀n, kí iná náà sì máa tàn. Ọ̀nà Lekki sí Epe ni àìsàn yìí sì ti máa ń fara hàn jù, nítorí pé bí ọkọ̀ bá dúró lójú kan nínú oòrùn, páńpù ń yí jẹ́ẹ́, ọ́ìlì sì ti gbóná tí ó fi ń ṣàn bí omi.

Sẹ́ńsọ̀ tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa jẹ́ ẹlẹ́yọ wáyà kan, kò sì mọ̀ ju títàn àti kíkú lọ. Nínú èyí tí ó pọ̀ jù, bí ìfúnpá bá lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí PSI 4 sí 7 ni ó tó tan iná. Ìwé àtúnṣe Toyota fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ béèrè pé kí ìfúnpá má dín ní nǹkan bí PSI 4 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí jẹ́ẹ́, kí ó sì wà láàárín 43 àti 78 bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ wo bí àlàfo náà ti fẹ̀ tó. Ẹni tí iná rẹ̀ tàn lórí eré ti wà nínú ewu tipẹ́: kí ó yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ó sì pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí ó má ṣe sọ pé òun yóò kọ́kọ́ dé ilé.

Irú kejì ni èyí tí ń gbé ọwọ́ géèjì sókè-sódò. Irú kẹta, tí ó wà nínú àwọn ọkọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ní wáyà mẹ́ta, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ni ó sì ń jábọ̀ fún. Ọ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì, bí wọ́n tilẹ̀ jọra lójú.

Kí a tó lọ sí ọjà, ẹ jẹ́ kí a wádìí wáyà ná, pàápàá jù lọ níhìn-ín tí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ láti inú òkun ń jẹ irin, tí àgbàrá sì ń wọ abẹ́ ọkọ̀. Àwọn tí ó wà ní Lekki ní oṣù Keje ọdún 2017 kò lè gbàgbé ìkún omi ìgbà náà. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì ṣíná: iná pupa gbọ́dọ̀ tàn. Bí kò bá tàn, bóyá gílóòbù ti jó, tàbí ẹnìkan ti yọ wáyà láti fi tan ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tòkúnbọ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn. Bí ó bá tàn, ẹ fa wáyà kúrò lórí sẹ́ńsọ̀ ẹlẹ́yọ kan. Bí iná kò bá kú, wáyà náà ti bó, ó sì ń kan ara irin níbì kan. Iṣẹ́ rìwáyà nìyẹn. Bí ọ́ìlì bá sì ń jò gba ojú ibi tí wáyà ti wọlé, sẹ́ńsọ̀ ti ya nínú, kò sí àríyànjiyàn mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ohun tí èmi kò ṣe: ìwọ̀n. Kí mẹkáníìkì tú sẹ́ńsọ̀, kí ó de géèjì ìwọ̀n sí ojú ihò kan náà, kí ó sì ṣíná títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dáadáa. Bí ìfúnpá bá dára tí iná sì ń tàn tẹ́lẹ̀, sẹ́ńsọ̀ ni ó jẹ̀bi. Bí ó bá lọ sílẹ̀, ẹ má ra sẹ́ńsọ̀ kankan. Ẹ wá ìdí rẹ̀ lọ sínú ọ́ìlì fúnra rẹ̀, fílítà, asẹ́, páńpù, àti àwọn bẹ́ríǹ. Mẹkáníìkì tí kò ní géèjì yìí lè yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kò yẹ kí ó fi ẹnu wọ̀n ọ́n.

Ẹni tí yóò lọ sí Ladipo, kí ó mú èyí àtijọ́ dání pẹ̀lú nọ́ńbà ṣáásí ọkọ̀ rẹ̀. Eyín ara sẹ́ńsọ̀, tí a ń pè ní tírẹ́ẹ̀dì, ni ó ń tan ènìyàn jẹ jù. Ti Toyota àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japan jẹ́ 1/8 ti ìlànà Gẹ̀ẹ́sì, eyín 28 nínú íńṣì kan; ti Amẹ́ríkà jẹ́ 1/8 NPT, eyín 27. Ojú kò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Èyí tí kò bá a mu yóò wọlé díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò le, bí a bá sì fi agbára yí i, ara ẹ́ńjìnnì ni yóò bàjẹ́. Honda tí ó ní VTEC tún ní sẹ́ńsọ̀ ìfúnpá kejì fún VTEC náà. Ẹ sọ èyí tí ẹ ń wá. Èmi kì í ra sẹ́ńsọ̀ tòkúnbọ̀, nítorí awọ fẹ́lẹ́ inú rẹ̀ ti darúgbó kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Dídè é kò gba àkókò. Kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí a yọ orí bátìrì, kí a fi sọ́kẹ́ẹ̀tì gígùn tú ti àtijọ́, kí a sì nu ojú ihò. Èyí tí ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó ni a ń fi gọ́ọ̀mù ọ́ìlì díẹ̀ sí, kí a fi eyín méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀ lófo kí gọ́ọ̀mù má baà já wọ ọ̀nà ọ́ìlì. Èyí tí ó ní wáṣà kò fẹ́ gọ́ọ̀mù rárá. Bí ó bá jẹ́ pé ara irin ni sẹ́ńsọ̀ fi ń parí ọ̀nà iná rẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi téèpù wé e nípọn. Ọwọ́ ni a ń kọ́kọ́ fi yí i, lẹ́yìn náà ni a ó fi sípánà fún un níwọ̀nba, nítorí àlùmíníọ̀mù kò fẹ́ ìjà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi géèjì kún un, kí ó má ṣe yọ sẹ́ńsọ̀ iná pupa sọnù. Ìsopọ̀ tí ó rí bí T yóò gba méjèèjì. Kí ó sì fi rọ́bà ọ́ìlì líle gbé ìsopọ̀ náà kúrò lára ẹ́ńjìnnì, nítorí gbígbọ̀n a máa ṣẹ́ ìdẹ tí a kó ẹrù lé lórí.

Bí ẹ bá ṣíná, kí iná pupa kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ wa ọkọ̀ náà wọ inú gòsíló títí yóò fi gbóná, kí ẹ sì wò ó bóyá yóò ṣẹ́jú. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ tẹ́ páálí sí abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá bá ẹ̀kán ọ́ìlì lórí rẹ̀ ní òwúrọ̀, ẹ padà fún sẹ́ńsọ̀ náà díẹ̀ sí i.