Koríko Ilẹ̀ Wa, Olùṣọ́ Ọ̀nà



Ìwé Gẹ́nẹ́sísì kọ́ wa pé ní ọjọ́ kẹta ni Ọlọ́run mú kí koríko hù, ṣáájú ẹran àti ènìyàn. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ koríko kéré jù fún irú àpéjọ yìí.

Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ Ìjàrè. Nígbà òjò, àgbàrá a máa sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè sí ojú ọ̀nà. Kì í ṣe àárín ọ̀dà ni ó kọ́kọ́ ń kọlù. Ẹ̀gbẹ́ ni ó ti ń jẹ ilẹ̀ wọlé, títí abẹ́ ọ̀dà yóò fi ṣófo, tí ọ̀nà yóò sì wó. Nígbà náà, báwo ni koko yóò ti ṣe dé Akúrẹ́? Báwo ni aboyún tí ń rọbí yóò ti ṣe dé ilé ìwòsàn?

Ọlọ́run ti fún wa ní olùṣọ́: eruwà, ikin àti èèsún. Bí ewé wọn tilẹ̀ gbẹ nínú ọyẹ́, gbòǹgbò wọn kì í kú. Gbòǹgbò wẹ́wẹ́ wọ̀nyí so erùpẹ̀ pọ̀ bí òwú ti so aṣọ. Igi ìdí wọn sì ń dá eré àgbàrá dúró.

Ṣùgbọ́n a ha ilẹ̀ títí ó fi wà ní ìhòòhò, àlejò sì gba ipò onílé. Ní nǹkan bí ọdún 1937 ni a rí ewé tí a wá ń pè ní Akíntọ́lá ní Nàìjíríà. A gbà pé àárín irúgbìn igi Gmelina láti Ceylon, tí í ṣe Sri Lanka nísinsin yìí, ni ó bá wọlé. Mẹ́síkò àti agbègbè rẹ̀ ni ilé àgbálẹ̀ olódòdó pupa rẹ́súrẹ́sú. Àwọn wọ̀nyí a máa ṣíji bo koríko títí yóò fi kú.

Kí ni kí a ṣe? Nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ hú ìdí eruwà, ẹ pín in, ẹ gé orí rẹ̀ kúrú, kí ẹ sì gbìn ín ní ẹsẹ̀ kan síra, ní ìlà tí ó dábùú ọ̀nà omi. Kí ó wà ní bèbè gọ́tà, kì í ṣe nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe gbin èkan, nítorí yóò wọ oko olóko.

Ẹlòmíràn yóò wí pé koríko gíga ń fi ejò pamọ́, ó sì ń dí ojú awakọ̀. Òtítọ́ ni. Nítorí náà ẹ fi àdá gé e, pàápàá ní ìkọ́rọ̀ ọ̀nà, kí ó ku bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ṣùgbọ́n kí ọkọ́, iná àti oògùn apakoríko jìnnà sí i.

Àwọn àgbà ní, bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìjọ mú apá ọ̀nà tirẹ̀ kí òjò ọdún yìí tó lọ.