Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Owó èéfín ní ẹnubodè Yúróòpù

Oníbodè ayé àtijọ́, ẹrù orí ni í wò kó tó gbowó. Ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù lónìí, èéfín tó rú níbi tí a ti ṣe ẹrù náà ni ó ń bèèrè. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026, oníṣòwò tó bá ń kó irin, alumíníọ̀mù, sìmẹ́ǹtì tàbí ajílẹ̀ wọ ibẹ̀, tí àpapọ̀ rẹ̀ ju 50 tọ́ọ̀nù lọ́dún, ní láti gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Àní bóòtì irin inú páálí pàápàá kò yọ sílẹ̀!

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé iléeṣẹ́ tó yọ́ irin náà ní Íńdíà tàbí Tọ́kì ni ó mọ iye èéfín tó tú sókè, bí kò bá sì sọ ọ́, iye tí àwọn aláṣẹ là sílẹ̀, tí wọ́n ti bu àlékún lé, ni a ó fi ṣírò owó náà. Ẹni tó gbọ́n a tètè kọ̀wé sí ẹni tó ń tajà fún un, torí àìtètè mólè, olè a mólóko. Ìkéde èéfín ọjà tó wọlé lọ́dún 2026 kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2027. Owó èéfín tí a bá sì ti san nílùú tí ọjà ti wá, a lè yọ ọ́ kúrò, bí ẹ̀rí rẹ̀ bá wà nílẹ̀.