Ẹ̀KỌ́ KẸRÌNLÁ: Ìrìn Ẹsẹ̀ Láàárín Àwọn Mọ́ṣáláṣí Èkó

Àwọn àgbà a máa sọ pé ẹni tí kò bá rìn jìnnà kò lè rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó rìn jìnnà díẹ̀. A ó gbéra láti Ararọ̀mí-Ọ̀pin, a ó lọ sí Èkó. Kì í ṣe ọjà ni a fẹ́ ná, kì í sì í ṣe òkun ni a fẹ́ wò. Àwọn mọ́ṣáláṣí tí ó wà ní àárín ìlú àtijọ́ ni a fẹ́ rí, ẹsẹ̀ ni a ó sì fi rìn láti ọ̀kan dé èkejì. Ìbáà jẹ́ Mùsùlùmí ni yín, ìbáà jẹ́ onígbàgbọ́, ẹ máa bọ̀. Ìtàn tí àwọn ilé wọ̀nyí ń sọ kan gbogbo ọmọ Yorùbá.

A dé Èkó

Bí ọkọ̀ bá ti gbé wa dé Ìlọrin, yóò gba Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn kọjá kí ó tó dé Èkó. Erékùṣù ni Èkó àtijọ́, omi ni ó yí i ká. Nítorí náà, afárá ni a ó gbà wọ inú rẹ̀. Afárá Carter ni orúkọ èyí tí a ó gbà. Ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún gbọ́ ọ láìpẹ́.

Ní ìsàlẹ̀ afárá ni Ìdúmọ̀tà wà. Èrò ibẹ̀ pọ̀ bí eéṣú. Alágbàrù ru ẹrù gègèrè lórí, ó ń kígbe pé, “Ẹ yà o! Ẹ yà lọ́nà!” Àwọn kan ń ta aṣọ, àwọn kan ń ta bàtà, àwọn mìíràn ń ta ìkòkò. Ẹ di ara yín lọ́wọ́ mú, kí ẹnikẹ́ni má baà sọnù.

Mọ́ṣáláṣí Àpapọ̀ Èkó

Ní òpópónà Nnamdi Azikiwe, ẹ gbé ojú sókè. Ẹ ó rí ilé gogoro tí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan sánmà. Mọ́ṣáláṣí Àpapọ̀ Èkó nìyẹn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ Mùsùlùmí Èkó ti ń kírun Jímọ̀ọ̀. Bí ladáànì bá pe ìrun lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ẹní àti búútà a kún etí òpópónà, nítorí inú mọ́ṣáláṣí kì í gba gbogbo èrò tán.

Ọdún 1988 ni wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí yìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, mọ́ṣáláṣí mìíràn wà tí wọ́n kọ́ láàárín ọdún 1908 sí 1913. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn kọ́lékọ́lé Àgùdà ni. Nígbà tí èrò Èkó pọ̀ sí i, wọ́n wó ti àtijọ́, wọ́n sì kọ́ èyí tí ó tóbi jù ú lọ. Lónìí, inú àwòrán nìkan ni a ti lè rí ti àtijọ́.

Ta ni àwọn Àgùdà? Ẹ jẹ́ kí a dé ibi kejì, ẹ ó mọ̀ wọ́n.

Mọ́ṣáláṣí Ṣítà-Bey

Kò jìnnà rárá. Ẹ yà sí òpópónà Martins. Láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fún mọ́ra, ẹ ó rí ilé kan tí kò jọ àwọn yòókù. Orí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí òṣùmàrè. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe ọnà sí ara ògiri rẹ̀. Mọ́ṣáláṣí Ṣítà-Bey ni. Oṣù Keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i.

Mohammed Shitta ni ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ. Sàró ni. Ìyẹn ni pé wọ́n ti kó àwọn òbí rẹ̀ lẹ́rú rí, wọ́n dá wọn nídè, wọ́n sì tẹ̀dó sí Sàró, níbi tí wọ́n ti bí i. Ní ọdún 1844, àwọn òbí rẹ̀ kó o wá sí Àgbádárìgì. Nígbà tí ó yá, ó lọ sí Èkó, ó sì di oníṣòwò pàtàkì. Òwò rẹ̀ dé etí odò Ọya, odò tí ó ṣàn kọjá ní ìpínlẹ̀ Kwara wa yìí. Nígbà tí Ọlọ́run bùkún un, kò jẹ owó náà tán. Ó fi kọ́ ilé ìjọsìn fún àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí náà, ìlú kún. Ọba Oyèkàn Kìíní wà níbẹ̀. Gómìnà Èkó, Sir Gilbert Carter, wà níbẹ̀. Ṣé ẹ rántí orúkọ afárá wa? Òun ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ. Òyìnbó kan tí ó ti di Mùsùlùmí, Abdullah Quilliam, tún wá láti Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọba àwọn Tọ́kì, Abdul Hamid Kejì, ni ó rán an láti wá fi Shitta jẹ oyè Bey. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ṣítà-Bey. Ní ọdún 1895, ó jáde láyé. Kò ju nǹkan bí ọdún kan lọ tí ó fi kírun nínú mọ́ṣáláṣí tí ó kọ́, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ṣì ń kírun níbẹ̀ títí di òní.

Àwọn tí ó kọ́ ọ

Ọ̀gá àwọn tí ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Ṣítà-Bey ni João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà. Àwọn Àgùdà ni àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì, tí àwọn tàbí àwọn ọmọ wọn sì padà wá sílé. Mùsùlùmí wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ Yorùbá. Àwọn ará Bùràsíìlì ń pè wọ́n ní Malê. Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dún: láti inú “Ìmàle” wa ni ó ti wá. Ní oṣù Kìíní ọdún 1835, àwọn Malê dìde ogun ní ìlú Bahia láti gba òmìnira. Wọn kò ṣẹ́gun. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n na àwọn kan ní pàṣán, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ kúrò ní ìlú. Lẹ́yìn ogun náà, àwọn tí ń padà wá sí ilẹ̀ Aláwọ̀dúdú pọ̀ sí i.

Wọn kò padà wá ní ọwọ́ òfo. Wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà ní oko ẹrú. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ìyà kọ́ ní ilẹ̀ àjèjì ni wọ́n fi ṣe ìlú wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí. Ìdí nìyí tí mọ́ṣáláṣí ńlá tí ó wà ní Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, fi jọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Bùràsíìlì.

Ibi tí ilé kan wà rí

Kí a tó padà sílé, ẹ jẹ́ kí a rìn dé gbàgede Tinúbú. Ilé Àgùdà kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar. Nǹkan bí ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ọ. Ní ọdún 1956, ìjọba kéde pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wó o. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀.

Àwọn àgbà ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Òtítọ́ ni, nítorí a lè kọ́ ilé tuntun tí ó tóbi, tí ó sì dára ju ti àtijọ́ lọ. Àwọn tí ń kírun ní Mọ́ṣáláṣí Àpapọ̀ nílò àyè, wọ́n sì rí i. Ṣùgbọ́n ilé tuntun kò lè fi ọwọ́ ẹni tí ó kọ́ ti àtijọ́ hàn wá. Da Costa ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹ lè dúró ní òpópónà Martins kí ẹ sì rí ọnà tí ó ṣe. Ní ọdún 2013, wọ́n kéde mọ́ṣáláṣí Ṣítà-Bey pé ó di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ẹ ti rí i ní gbàgede Tinúbú pé ìkéde nìkan kò tó. Àwọn ènìyàn tí ó mọ ìtàn ilé ni ó ń dáàbò bò ó.

Ẹ wo ìlú tiyín náà. Mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì wo ni ó pẹ́ jù níbẹ̀? Ta ni ó po amọ̀ rẹ̀? Ta ni ó ru páànù rẹ̀? Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń darúgbó. Ẹ bi wọ́n léèrè nísinsìnyí, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí wò, ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ lèmọ́ọ̀mù. Ẹ bọ́ bàtà yín sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má ṣe pariwo, ẹ má sì ṣe gba iwájú ẹni tí ń kírun kọjá.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀

erékùṣù: ilẹ̀ tí omi yí ká
ladáànì: ẹni tí ó ń pe ìrun
Sàró: àwọn tí ó ti ilẹ̀ Sàró padà wá sí ilẹ̀ Yorùbá
ohun ìrántí orílẹ̀-èdè: ohun àtijọ́ tí òfin ní kí a tọ́jú

Ìdánrawò

1. Kí ni a fi ń pe Èkó àtijọ́ ní erékùṣù?
2. Ní ọdún wo ni wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí Ṣítà-Bey?
3. Báwo ni Mohammed Shitta ṣe gba oyè Bey?
4. Níbo ni àwọn Àgùdà ti kọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́?
5. Ṣé ó dára kí a wó ilé àtijọ́ kí a lè kọ́ tuntun? Sọ èrò tìrẹ, kí o sì sọ ìdí rẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Lọ sí ọ̀dọ̀ àgbàlagbà kan ní àdúgbò rẹ. Bi í léèrè nípa ilé ìjọsìn tí ó pẹ́ jù ní ìlú yín. Kọ gbólóhùn mẹ́wàá lórí ohun tí ó sọ fún ọ, kí o sì ya àwòrán ilé náà.