Ta Ló Gbé E Sípò Kìn-ín-ní? Bí Wọ́n Ṣe Ń To Àwọn Irinṣẹ́ Ọgbọ́n Àtọwọ́dá Lórí Ayélujára

Ní ẹnu ọ̀nà South Gate ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí FUTA, ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́: nínú àwọn irinṣẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá tí à ń pè ní AI, èwo ló dára jù lọ? Ìbéèrè yìí kan náà ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn olùkọ́ nílùú Oǹdó tí wọ́n ń wá èyí tí yóò bá wọn ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àti lẹ́nu àwọn aránṣọ tí wọ́n ń wá èyí tí yóò bá wọn kọ ìpolówó sórí WhatsApp. Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, fóònù ti jáde lápò. Wọn á wá a lórí ayélujára, àtẹ kan á sì yọ: "Irinṣẹ́ AI Mẹ́wàá Tó Dára Jù Lọ". Èyí tó bá wà lókè ni ọ̀pọ̀ yóò mú.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré, nítorí owó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyí ló ń gba owó oṣooṣù, dọ́là ni wọ́n sì fi ń ka owó náà. Ẹni tó bá ti fi náírà ra dọ́là rí mọ ohun tí 20 dọ́là lóṣù túmọ̀ sí fún akẹ́kọ̀ọ́. Àbúrò mi kan tó wà ní ọdún ìkẹyìn ní yunifásítì yọ owó yìí nínú owó oúnjẹ rẹ̀, ó san án fún irinṣẹ́ tó wà nípò kìn-ín-ní lórí àtẹ kan. Ohun tó fẹ́ ni kí irinṣẹ́ náà bá òun kọ ọ̀rọ̀ tí òun gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Ìdànrè, kí ó sì tú u sí Gẹ̀ẹ́sì. Irinṣẹ́ náà mọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹní mowó. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ohùn àwọn àgbẹ̀ náà, ohun tí wọn kò sọ ni ó ń kọ sílẹ̀. Àtẹ yẹn lè má pa irọ́. Ìbéèrè ẹlòmíràn ni ó dáhùn, kì í ṣe ti àbúrò mi.

Kókó tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé mú dání nìyí: ipò kìn-ín-ní jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè kan. Kí a tó gbà á, ó yẹ kí a mọ ẹni tó bi ìbéèrè náà, ohun tó fi wọn ìdáhùn rẹ̀, àti ẹni tó ń jèrè níbẹ̀. Àwọn tó ń ná Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ọlọgbọ́n kì í ra gààrí kó má wo inú kóńgò, nítorí kóńgò tí ìdí rẹ̀ ti wọnú kì í gba gààrí púpọ̀, bó tilẹ̀ kún dé ẹnu. Oríṣi kóńgò mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fi wọn àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyí. Ẹ jẹ́ kí a wo inú wọn.

Èyí tí òǹkọ̀wé ń tò

Mo mọ irú àtẹ àkọ́kọ́ dáadáa, nítorí pé inú iṣẹ́ mi ló wà. Lẹ́yìn tí mo kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ Yorùbá, iṣẹ́ ìkọ̀wé ni mo fi ń jẹun, mo sì máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá pè mí. Lọ́dún tó kọjá, oníbàárà kan ní kí n kọ àpilẹ̀kọ lórí irinṣẹ́ AI méjìlá tó dára jù fún àwọn oníṣòwò kéékèèké. Nígbà tí ìwé ìlànà iṣẹ́ náà dé, wọ́n ti to gbogbo wọn láti orí èkíní dé orí ìkejìlá. Ẹnikẹ́ni kò bi mí bóyá mo ti lo ọ̀kankan nínú wọn rí. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wá ìdí tí èkíní fi jẹ́ èkíní. Mo béèrè ọ̀nà tí wọ́n gbà tò wọ́n. Wọ́n dá mi lóhùn pé àwọn tó wà lókè ni owó línkì wọn pọ̀ jù. Mo dá iṣẹ́ náà padà.

Bí owó línkì ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ilé-iṣẹ́ tó ni irinṣẹ́ yóò fún ẹni tó ń to àtẹ ní línkì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ẹ bá tẹ línkì náà, tí ẹ sì sanwó, ilé-iṣẹ́ mọ ibi tí ẹ ti wá, yóò sì yọ ìpín kan fún ẹni tó rán yín. Ìwà ọ̀daràn kọ́ ni. Àwọn olóòótọ́ nínú wọn máa ń kọ ọ́ sójú ìwé pé àwọn ń gba irú owó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kóńgò yìí, owó ló ń tẹ ìdí rẹ̀ wọnú. Àwọn ojúlé kan sì tún wà tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ṣe irinṣẹ́ kí wọ́n tó lè gbé e síbi tí ojú yóò ti tètè rí i.

Àìsàn kejì ni àdàkọ. Ẹni tí kò lo irinṣẹ́ rí yóò ka àtẹ márùn-ún, yóò sì ti inú wọn fa ẹ̀kẹfà yọ. Nígbà tí òǹkàwé bá rí orúkọ kan náà lókè gbogbo wọn, yóò rò pé ẹ̀rí ti pọ̀. Bẹ́ẹ̀, ènìyàn mẹ́wàá tó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo kì í ṣe ẹlẹ́rìí mẹ́wàá.

Èyí tí ìdánwò ń tò

Irú àtẹ kejì sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ìdánwò kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Ọ̀kan tó lókìkí nínú àwọn ìdánwò náà ni MMLU, tí Dan Hendrycks àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2020. Ẹ̀kọ́ 57 ló wà nínú rẹ̀, láti orí òfin dé orí ìṣègùn àti ìṣirò, ìdáhùn mẹ́rin ni wọ́n sì máa ń kọ sí abẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan kí a mú ọ̀kan, bí a ti ń ṣe nínú ìdánwò JAMB. Ní ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ OpenAI gbé GSM8K jáde: ìbéèrè ìṣirò bí 8,500, irú èyí tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè ṣe bó bá fara balẹ̀. Iye tí irinṣẹ́ kan bá gbà nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi ń gbé e sípò.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó nínú gbọ̀ngàn ìdánwò rí ní orílẹ̀-èdè yìí mọ ohun tí ó lè bá a jẹ́. Orí ayélujára ni àwọn ìbéèrè náà wà, orí ayélujára yìí kan náà ni wọ́n sì ti ń kó ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn irinṣẹ́ náà. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé irinṣẹ́ kan ti rí ìbéèrè kí ó tó wọlé ìdánwò, ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń pè ní expo. Ní ọdún 2024, àwọn olùwádìí ilé-iṣẹ́ Scale AI kọ ìbéèrè tuntun tó jọ ti GSM8K, wọ́n sì gbé e fún àwọn irinṣẹ́ náà. Máàkì àwọn kan wálẹ̀. Ti àwọn tó lágbára jù kò fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Ìbéèrè tuntun ló fi ẹni tó há a sórí hàn yàtọ̀ sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ohun mìíràn tún ni pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe irinṣẹ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ kéde máàkì tí irinṣẹ́ rẹ̀ gbà. Aláǹgbá tó já láti orí ìrókò ní bí ẹnikẹ́ni kò bá yin òun, òun yóò yin ara òun. Kò sí ẹ̀sùn nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n ìyìn ara ẹni kì í ṣe ìdájọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ MMLU, ibi tí àwọn tó kọ ọ́ ń gbé sì hàn nínú rẹ̀: ìtàn Amẹ́ríkà ní ìsọ̀rí tirẹ̀, ìtàn Nàìjíríà kò ní.

Èyí tí ìbò ń tò

Irú kẹta ló dà bí eré ayò. Ní ọdún 2023, ẹgbẹ́ olùwádìí kan ní Yunifásítì California tó wà ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà, dá Chatbot Arena sílẹ̀, èyí tí a wá mọ̀ sí LMArena. Ẹ ó béèrè ohun tó bá wù yín. Irinṣẹ́ méjì tí wọn kò dárúkọ yóò dáhùn. Ẹ ó dìbò fún èyí tó tẹ́ yín lọ́rùn, lẹ́yìn náà ni ẹ ó tó mọ orúkọ wọn. Ìṣirò tí Arpad Elo ṣe fún àwọn tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ka máàkì wọn. Bí ẹni tí kò lórúkọ bá pa ọ̀gá láyò, máàkì rẹ̀ á gòkè gan-an; bí ọ̀gá bá pa ọmọdé láyò, díẹ̀ ni tirẹ̀ fi ń sún sókè.

Ọ̀nà yìí dára, nítorí pé àwọn ènìyàn gidi ló ń dájọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tó dùn létí lè gba ìbò lọ́wọ́ ohun tó jẹ́ òtítọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Meta gbé Llama 4 Maverick jáde, ó sì bọ́ sí ipò kejì lórí àtẹ náà. Ẹ̀dà àyẹ̀wò kan tí wọ́n tún ṣe kí ó lè mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa ni wọ́n gbé lọ síbẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀dà tí aráyé rí gbà. Meta kọ ọ́ nínú ìkéde rẹ̀ pé ẹ̀dà àyẹ̀wò ni, àmọ́ àwọn tó ni LMArena sọ pé ohun tí Meta ṣe kò bá ohun tí àwọn ń retí mu, wọ́n sì tún òfin wọn ṣe. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀dà ti gbogbo ènìyàn lọ síbẹ̀, ipò 32 ni ó wà. Ó dà bí ọlọ́jà tó gbé ọsàn kan kalẹ̀ fún ìtọ́wò, tó sì di ọsàn mìíràn sínú àpò oníbàárà.

Níbo ni ohùn tiwa wà?

Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ kí a tó dárúkọ Yorùbá rárá. Àwọn ọmọ Áfíríkà kan kò dákẹ́. Masakhane, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí "a jọ ń kọ́ ọ" ní èdè Súlú, ti ń kó àwọn olùwádìí jọ láti ọdún 2019 lórí èdè wa nínú ẹ̀rọ. Ní ọdún 2024, David Ifeoluwa Adelani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé IrokoBench jáde, ìdánwò tí ènìyàn, kì í ṣe ẹ̀rọ, túmọ̀ sí èdè Áfíríkà 17. Yorùbá wà lára wọn. Nígbà tó di ọdún 2025, AfroBench tẹ̀ lé e pẹ̀lú èdè 64. Ohun tí IrokoBench fi hàn ni pé àwọn irinṣẹ́ tó ń gba máàkì ńlá ní Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé máa ń já wálẹ̀ gan-an bí a bá bi wọ́n léèrè ní èdè wa.

Èyí tó kan Ìpínlẹ̀ Oǹdó gbọ̀ngbọ̀n ni YORÙLECT, tí Orevaoghene Ahia àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2024. Wọ́n lọ bá àwọn tó ni èdè nílé wọn, wọ́n gba ọ̀rọ̀ àti ohùn sílẹ̀ ní Yorùbá àjùmọ̀lò, ní Ifẹ̀, ní Ìjẹ̀bú, àti ní Ìlàjẹ, etíkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó níhìn-ín. Nínú ìtumọ̀ àti nínú gbígbọ́ ohùn, àlàfo ńlá wà láàrin Yorùbá àjùmọ̀lò àti àwọn ẹ̀ka-èdè yòókù. Wọ́n sì rí i pé bí a bá fi ẹ̀ka-èdè náà kọ́ ẹ̀rọ, àlàfo náà ń dín kù.

Ìdànrè kò sí lára àwọn mẹ́rin náà, Oǹdó àti Àkúrẹ́ kò sì sí. Lọ́dọ̀ wa, fáwẹ̀lì u lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ, tí igi yóò fi di ugi, ohun tí Yorùbá àjùmọ̀lò kì í gbà. Irinṣẹ́ tí kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ rí yóò fi ohun tó mọ̀ dípò ohun tó gbọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ kòkó fi dàrú mọ́ ẹ̀rọ tó wà nípò kìn-ín-ní lọ́wọ́.

Ẹ ṣe ìdánwò tiyín

Kò sí irinṣẹ́ tó mọ gbogbo rẹ̀ ṣe. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ẹ̀dà ọ̀fẹ́ irinṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣe iṣẹ́ kan tí ẹ ti mọ bó ṣe yẹ kó rí. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n ní ohun tí kò lè ṣì yín lọ́nà: kí ni oyè ọba Oǹdó, kí ni ti Àkúrẹ́, ọdún wo ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀? Ẹni tó bá mọ̀ yóò dárúkọ Ọ̀ṣemàwé, Déjì àti 1976. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ "Oko Bola gbe oko sinu oko" láìfi àmì sí i, kí ẹ ní kí wọ́n fi àmì ohùn sí i. Èyí tó bá kọ "Ọkọ Bọ́lá gbé ọkọ́ sínú ọkọ̀" ti gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Ẹ da àwọn ìdáhùn náà kọ sí ìwé láìdárúkọ irinṣẹ́ kankan, kí ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín kan dájọ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe é, nítorí pé àwọn irinṣẹ́ yìí ń yí padà.

Èyí tó ṣeé ṣe fún ẹnì kan ṣeé ṣe fún ọ̀pọ̀. Bí ogún olùkọ́ Yorùbá ní Oǹdó àti Àkúrẹ́ bá mú ìbéèrè márùn-ún márùn-ún wá láti inú iṣẹ́ wọn, tí wọn kò sì gbé e sórí ayélujára níbi tí ẹ̀rọ yóò ti há a sórí, ọgọ́rùn-ún ìbéèrè ti pé. Ìdánwò nìyẹn. Àtẹ tó bá ti ibẹ̀ jáde yóò kúrú, ṣùgbọ́n ìbéèrè tiwa ni yóò máa dáhùn, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi owó oúnjẹ wá irinṣẹ́ yóò sì rí ibi tí yóò kọ́kọ́ wò.