Kòkó ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà

Kòkó (Theobroma cacao) jẹ́ igi eléso tí a ń gbìn ní gúúsù Nàìjíríà nítorí irúgbìn inú èso rẹ̀, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun fi ń ṣe ṣokoléètì àti ohun mímu. Kì í ṣe igi ilẹ̀ Yorùbá láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Síbẹ̀, bóyá ni irè oko mìíràn wà tí ó yí ìlú, ilẹ̀ àti ìdílé Yorùbá padà tó o ní ọ̀rúndún ogún.

Ojú-ọjọ́ àti agbègbè

Kòkó ń fẹ́ òjò púpọ̀, ilẹ̀ tí gbòǹgbò lè wọ̀ jinlẹ̀, àti ibòji. Ẹ̀ẹ̀rùn tí ó bá gùn ju oṣù mẹ́ta lọ a máa pa ọ̀dọ́ igi rẹ̀. Nítorí náà ni agbègbè kòkó fi tẹ̀lé igbó: láti Abẹ́òkúta àti gúúsù Ìbàdàn, gba Ifẹ̀ àti Iléṣà kọjá, títí dé Oǹdó, Ọ̀wọ̀ àti apá kan Èkìtì. Àwọn ìlú inú ọ̀dàn bí Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ṣakí kò ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ààlà tí òjò fà yìí di ààlà ọrọ̀, nítorí pé ará ọ̀dàn tí ó bá fẹ́ ní oko kòkó gbọ́dọ̀ lọ tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ ará igbó.

Bí ó ṣe tàn kálẹ̀

Ní àwọn ọdún 1880 ni oníṣòwò ará Èkó kan, J. P. L. Davies, gbin kòkó sí Ìjàn nítòsí Agége. J. K. Coker àti àwọn àgbẹ̀ ńlá mìíràn ní Agége tẹ̀lé e. Àwọn alágbàṣe tí ó ṣiṣẹ́ fún wọn ni ó kó irúgbìn àti ìmọ̀ padà sí ìlú wọn. Ìjọba kọ́ ni ó kọ́kọ́ tan kòkó kálẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ẹrù tí wọ́n ti ń fi orí rù dé etíkun rí ọ̀nà tí ó yá.

Ilẹ̀ àti ìṣákọ́lẹ̀

Ibí ni ọ̀rọ̀ kòkó ti le jù. Nínú àṣà Yorùbá, ẹbí ni ó ni ilẹ̀. Wọ́n lè fún àlejò láyè láti gbin iṣu, nítorí pé lẹ́yìn ìkórè, ilẹ̀ yóò tún padà sọ́wọ́ onílẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkó ń lo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó tó so, ó sì lè máa so fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó gbìn ín ni ó ni igi, onílẹ̀ sì ni ó ṣì ni ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀, tí ó ti jẹ́ ẹ̀bùn iṣu tàbí ẹran ìgbẹ́ láti fi jẹ́wọ́ onílẹ̀, wá di ìwọ̀n kòkó gbígbẹ tí wọ́n ń san lọ́dọọdún. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 tún dá kún àríyànjiyàn náà, nítorí àwọn tí ń san án sọ pé òfin ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí, kò sì yẹ kí àwọn tún san nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ wà lára ohun tí ó fa ìjà láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, tí ẹ̀mí ṣòfò nínú rẹ̀ ní 1981 àti láti 1997 sí 2000.

Nínú ilé pàápàá, iṣẹ́ àti ogún kò dọ́gba. Àwọn ìyàwó ń bá ọkọ fọ́ èso, wọ́n sì ń sá a, ṣùgbọ́n bí ọkọ bá kú, àwọn ọmọ àti ẹbí rẹ̀ ni wọ́n ń jogún oko.

Owó kòkó àti ìjọba

Láti 1947, bọ́ọ̀dù ìjọba ni ó ń ra kòkó, tí ó sì ń tà á sí òkè òkun. Ní 1954 ó di ti ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Iye tí ó ń san fún àgbẹ̀ sábà máa ń kéré sí iye ọjà àgbáyé. Èlé tí ó ṣẹ́kù ran Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lọ́wọ́ láti ṣe ohun púpọ̀, títí kan Ilé Kòkó ní Ìbàdàn, tí wọ́n parí ní 1965. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955 náà jẹ nínú ọrọ̀ yìí. Ọmọ àgbẹ̀ jàǹfààní, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní ohùn lórí iye owó náà. Nígbà tí owó-orí tún wúwo, àwọn àgbẹ̀ dìde ní 1968 lábẹ́ orúkọ Àgbẹ́kọ̀yà, ìyẹn ni pé àgbẹ̀ kọ ìyà. Ní oṣù Kẹsàn-án 1969 wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní Ìbàdàn, ìjọba sì dín owó-orí kù.

Lẹ́yìn epo rọ̀bì

Owó epo rọ̀bì ní àwọn ọdún 1970 fa àwọn ọ̀dọ́ lọ sí ìgboro, oko sì kù fún àwọn arúgbó. Wọ́n fagi lé bọ́ọ̀dù ní 1986. Iye owó náírà lórí kòkó gòkè, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò bí kòkó ti dára tó dínkù. Oǹdó ni ó wà níwájú báyìí láàárín àwọn ìpínlẹ̀ tí ń mú kòkó jáde. Ní 2024, iye owó tọ́ọ̀nù kan ní ọjà àgbáyé kọjá dọ́là 10,000.

Oko tuntun ń wọnú igbó ọba, bí Igbó Ọmọ̀ ní Ògùn. Òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2023 ní kí wọ́n má ra kòkó láti ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá 2020, kí olùtajà sì fi hàn lórí máàpù ibi tí oko wà gan-an. Fún àgbẹ̀ tí kò ní ìwé ilẹ̀, tí ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lórí oko tí bàbá rẹ̀ gbìn, ìyẹn kò rọrùn.