Ìró Mẹ́rin Nínú Ọ Kan Ṣoṣo

Bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀lù, ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀ṣì. Ojoojúmọ́ là ń pe ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí, ọ kan náà ló sì wà nínú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí Òyìnbó gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá pe "bus", "ball", "shop" àti "church", fáwẹ̀lì mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lo máa gbọ́. Ká tó lè mọ bí mẹ́rin ṣe di ẹyọ kan, ẹnu tiwa ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Àwa tí a ṣe Yorùbá ní sẹ́kọ́ńdìrì ti há fáwẹ̀lì àhánupè àti àyanupè sórí rí nítorí ìdánwò. Ó dùn mí pé inú ìwé ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi í sí, torí ẹnu gan-an la ti ń rí i. Fi ìka kan àgbọ̀n rẹ, kí o pe i, e, ẹ, a, díẹ̀díẹ̀. Àgbọ̀n á máa sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀, ahọ́n á sì máa bá a lọ. Níbi i, iwájú ahọ́n ga débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà ẹnu. Nígbà tó bá fi dé a, ó ti sùn sílẹ̀. Wá pe a, ọ, o, u: ẹ̀yìn ahọ́n ló ń gòkè báyìí, ètè sì ń ká roboto. Èémí ń ti ẹ̀dọ̀fóró bọ̀, tán-án-ná ń gbọ̀n, nǹkan kan kò sì dí i lọ́nà; bí ahọ́n àti ètè bá ṣe tún àyè inú ẹnu ṣe ni fáwẹ̀lì ṣe ń yàtọ̀. Ṣé ahọ́n ga àbí ó wálẹ̀? Ṣé iwájú rẹ̀ ló gbéra, àbí àárín, àbí ẹ̀yìn? Ṣé ètè ká roboto àbí ó tẹ́ pẹrẹsẹ?

Ohun kan náà ni wọ́n ń bi fáwẹ̀lì Gẹ̀ẹ́sì. Daniel Jones ti University College London, ẹni tó ṣe ìwé atọ́ka ìpè Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1917, la fáwẹ̀lì mẹ́jọ kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n tí wọ́n á fi máa wọn ti èdè yòówù. "Cardinal vowels" ló pè wọ́n. Inú mi máa ń dùn sí i, torí i, e, ẹ, ọ, o, u tiwa fara jọ mẹ́fà nínú wọn gidigidi, a tiwa sì bọ́ sáàárín méjì tó kù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an ló ń ṣe wàhálà kí wọ́n tó lè pe e àti o tó dúró sójú kan, nítorí "cake" àti "coat" tiwọn ń yọ̀ láti ìró kan bọ́ sí òmíràn. Àwa la mú un dúró nínú kéèkì àti kóòtù. A tún ń lo imú: kú á di kún. Gẹ̀ẹ́sì kì í fi fáwẹ̀lì àránmúpè ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí èkejì.

Àlàfo tí àwa fò ni Gẹ̀ẹ́sì ń gbé. Nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni ní ìpè gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fáwẹ̀lì 12 ló dúró sójú kan, 8 ló ń yọ̀. Fáwẹ̀lì "ship" wà láàárín i àti e, ó sì tún fà díẹ̀ sí àárín ẹnu. Wọ́n máa ń kọ́ ọmọ pé gígùn nìkan ni "sheep" fi yàtọ̀ sí i, èyí kò sì tó. Fa "ship" gùn bó o ṣe fẹ́, kò ní di "sheep", torí ahọ́n kò tíì gòkè. P tó gbẹ̀yìn "sheep" sì tún máa ń gé fáwẹ̀lì rẹ̀ kúrú.

Nínú mẹ́rin tí a fi bẹ̀rẹ̀, "ball" ló sún mọ́ ọ wa jù. Ti "shop" kúrú, ahọ́n rẹ̀ sì wálẹ̀ ju ti ọ lọ. Ti "bus" kò ká ètè rárá. Ti "church" ló ṣàjèjì jù: pe ẹ, fa ahọ́n sẹ́yìn díẹ̀, má ká ètè, kí o sì fà á gùn. Òun náà ló wà nínú "girl", ṣùgbọ́n lẹ́tà ń tan ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ, a ń fi ọ pe "church", a ń fi ẹ pe "girl".

Fáwẹ̀lì tó wọ́pọ̀ jù nínú Gẹ̀ẹ́sì kò tilẹ̀ ní lẹ́tà tirẹ̀. Schwa ni wọ́n ń pè é. Nínú "banana", àárín nìkan ni wọ́n tẹnu mọ́, ibẹ̀ nìkan ni ẹnu ti yà dáadáa. Fáwẹ̀lì ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí rọ̀, wọ́n kúrú, ahọ́n wà láàárín, ètè kò ṣe nǹkan kan. Fáwẹ̀lì tiwa kì í rọ̀ báyìí, ohùn ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé. Ìdí nìyẹn tí ìparí "teacher" àti "doctor" fi di a gbagada nínú tíṣà àti dókítà. Ẹni tó bá fẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì òun tètè yé wọn lọ́hùn-ún, ibi tí mo máa ní kó ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, ṣáájú "ship" àti "sheep" pàápàá. Kó wá ibi tí wọ́n tẹnu mọ́, kó sì jẹ́ kí ìyókù fúyẹ́. Nínú "photograph", o àkọ́kọ́ ló gba agbára, èkejì jẹ́ schwa. Nínú "photographer", àkọ́kọ́ ló di schwa, agbára ti bọ́ sọ́wọ́ èkejì.